Bí ẹ ṣe máa tẹ́ koríko oníke fún ajá lórí ilẹ̀ amọ̀ tí kò fi ní máa rùn

Kò sí ohun tó rọrùn tó kéèyàn ra koríko oníke, kó tú u sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, kó kan ìṣó mọ́ ọn létí, kó ya fọ́tò rẹ̀ fún àwọn ará. Fọ́tò yẹn kì í ṣàìdáa. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni ọ̀rọ̀ máa ń bẹ́yìn yọ: àárín á wú bíi pọ́fùpọ́fù, bí ajá bá sáré kọjá ẹ ó máa gbọ́ omi tó ń dún lábẹ́ rẹ̀, ìtọ̀ tí kò ríbi lọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn.

Èmi náà ṣe é bẹ́ẹ̀ nílé wa ní Igbogbo, ní Ìkòròdú níbí. Ẹni tó bá wa tẹ́ ẹ da yanrìn íǹṣì 2 sórí ilẹ̀ pupa, ó tẹ́ koríko lé e, ó gbowó, ó lọ. Òjò oṣù Kẹfà ló tú àṣírí wa. Màmá tó ń gbé ilé kejì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, wọ́n ní, "Ìyá Dámi, ẹ jọ̀ọ́, ewúrẹ́ mélòó lẹ ń sìn níbẹ̀ yẹn?" Ajá kan ṣoṣo la ní, Bíngò, kò sì tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà náà.

Nígbà tí mo ká koríko náà sókè, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ gan-an ni mo rí pé ó ń rùn. Amọ̀ kì í mu omi bọ̀rọ̀. Òun náà ni wọ́n fi ń mọ ìkòkò. Bó ti wù kí koríko tí ẹ rà gbówó lórí tó, bí ẹ bá tẹ́ ẹ sórí amọ̀ láì la ọ̀nà fún omi, inú abọ́ lẹ tẹ́ ẹ sí. Nítorí náà, ibi tí àlejò kò ní rí ni ọ̀pọ̀ owó àti làálàá iṣẹ́ yìí máa wọlé sí. Ẹni tí èyí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó kúkú da kọnkéré tó dagẹ̀rẹ̀ dáadáa, kó sì máa fomi fọ̀ ọ́. Ìyẹn náà dáa, mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ KỌ́KỌ́ BI ILẸ̀ LÉÈRÈ

Ẹ bu ilẹ̀ díẹ̀ láti nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan sísàlẹ̀, kì í ṣe ti òkè. Ẹ wọ́n omi sí i, ẹ pò ó títí yóò fi dà bíi ẹ̀bà tó gan, kí ẹ wá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ jáde lórí ìka kejì kó máa gùn pẹlẹbẹ bíi bẹ́líìtì. Bó bá já kó tó gùn tó íǹṣì 1, yanrìn pọ̀ nínú rẹ̀, iṣẹ́ yín máa rọrùn ju tèmi lọ. Bó bá gùn kọjá íǹṣì 2 kó tó já, amọ̀ gidi ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbẹ́ ihò kan tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ pọn omi kún un, ẹ jẹ́ kó fà. Ẹ tún pọn omi kún un lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ wá fi rúlà wò ó fún wákàtí kan. Bí omi kò bá lọ sílẹ̀ tó íǹṣì 1 láàárín wákàtí yẹn, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ kàn yín. Tèmi, mo da omi sí i ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí mo jí láàárọ̀, omi ṣì wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ kan sì ti sọ ọ́ di ilé.

Ìkìlọ̀: bí ẹ bá gbẹ́ ihò tí omi sì ń sun wá láti ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan pọn ọ́n sí i, ẹ dúró. Ibi tó sún mọ́ ọ̀sà, bíi apá Májídùn, lèyí ti wọ́pọ̀. Ẹ má wa ilẹ̀ irú ibẹ̀ rárá, ẹ ó kàn máa gbẹ́ kànga ni. Ẹ kúkú mọ ọ́n ga sórí ilẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ lo kọnkéré.

Ìbéèrè kejì ló le jù, òun sì làwọn èèyàn máa ń fò: níbo ni omi náà máa gbà lọ? Ẹ gbọ́dọ̀ rí ibi tó rẹlẹ̀ ju ẹ̀yìnkùlé lọ, gọ́tà tàbí ojú àgbàrá tó wà nínú ọgbà yín. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun máa gbẹ́ kòtò kún fún òkúta kí omi lè máa wọlẹ̀ níbẹ̀, ẹ rán an létí ihò tí ẹ fi rúlà wò. Kòtò inú amọ̀ á kún, kò sì ní fà. Bí kànga bá wà nílé, ẹ jẹ́ kí omi yìí kọ ẹ̀yìn sí i pátápátá. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ajá ló wà nínú rẹ̀.

OHUN TÍ Ẹ MÁA KÓ JỌ

Ẹ jẹ́ ká lo ẹ̀yìnkùlé tó gùn ní mítà 6, tó fẹ̀ ní mítà 4. Ìyẹn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 20 sí 13. Bí tiyín bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ṣírò rẹ̀ gba ibẹ̀.

- Gíránáìtì three-quarter (èyí tí òkúta rẹ̀ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì), nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 6. Ti ìsàlẹ̀ àti ti kòtò páìpù ló wà nínú rẹ̀.
- Gíránáìtì kékeré tó tó hóró àgbàdo, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 1, àti eruku òkúta ìwọ̀nba, tó bá kún bárò méjì, ó tó.
- Aṣọ geotextile tó máa tẹ́ ibẹ̀ pátá tí á sì ṣẹ́ kù fún kòtò, nǹkan bíi mítà 40 níbùú-lóròó. Àwọn tó ń ṣe títì máa ń lò ó. Ẹ má fi ọ̀rá tàbí tápólì rọ́pò rẹ̀. Omi gbọ́dọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá.
- Páìpù íǹṣì 4 tó gùn dé ibi tí omi máa yọ sí. Bí ẹ kò bá rí èyí tí wọ́n ti lu, ẹ fi dírílì lu ihò sí apá kan rẹ̀.
- Koríko oníke: tí fífẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ mítà 2, ẹ gé mítà 6 àti díẹ̀ lọ́nà méjì.
- Téèpù tí wọ́n fi ń so ojú ìpàdé, àti gọ́ọ̀mù rẹ̀.
- Ìṣó íǹṣì 6 tí kì í dípẹtà, nǹkan bí 200.
- Yanrìn inú koríko tàbí zeolite (òkúta wẹ́wẹ́ tó máa ń gba òórùn ìtọ̀ mọ́ra), àpò kílò 25 méje.
- Bulọ́ọ̀kù tàbí kọnkéré fún etí.
- Ṣọ́bìrì, díígà, bárò, èèkàn, okùn, téèpù ìwọnlẹ̀, rọ́bà funfun tí bíríkìlà máa ń rọ omi sí láti fi wo ìdọ́gba, ọ̀bẹ onírésà pẹ̀lú abẹ tuntun púpọ̀, búrọ́ọ̀ṣì onírun líle, àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gún ilẹ̀. Ẹ yá ẹ̀rọ yìí, ẹ má rà á.

Nípa koríko fúnra rẹ̀, ẹ má ra èyí tí irun rẹ̀ ga. Ó wu ojú, àmọ́ ìgbẹ́ á sá pamọ́ sí i. Irun tó wà láàárín mìlímítà 25 sí 35 ló bá ajá mu. Ẹ yí i padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi rọ́bà látéèsì dì lẹ́yìn máa ń fa ìtọ̀ mu. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n fi polyurethane, irú ike kan tí kì í fa omi mu, dì. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé ègé kan lé ọwọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ da ìlàjì ife omi lé e. Bí omi bá dúró lórí rẹ̀ tó ń wò yín lójú, ẹ kí ọlọ́jà kí ẹ máa lọ.

ÌPELE 1: ÌGBÀ, OKÙN ÀTI ÌDAGẸ̀RẸ̀

Ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ ṣe é, láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì. Bí ẹ kò bá lè dúró, ìsinmi òjò inú oṣù Kẹjọ náà ṣeé lò, àmọ́ kí tápólì wà nítòsí. Amọ̀ tútù kò ṣeé bá ṣiṣẹ́: ẹsẹ̀ á máa rì, ṣọ́bìrì á máa kun ojú ilẹ̀ dán bí ẹni ń fi ọ̀bẹ pa bọ́tà sí búrẹ́dì, ojú tó bá sì ti dán báyẹn kò ní jẹ́ kí omi kankan wọlé mọ́.

Ẹ kan èèkàn sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìdagẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀yìn sí ilé. Fún gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 4 tí ẹ bá lọ, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ní íǹṣì 1. Nínú ẹ̀yìnkùlé tó fẹ̀ ní mítà 4, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8. Ẹ rọ omi sínú rọ́bà funfun, ẹni kan di orí kan mú níbi èèkàn ẹ̀gbẹ́ ilé, ẹnì kejì di orí kejì mú níbi èèkàn ìsàlẹ̀. Ibi tí omi bá dúró sí ní orí méjèèjì ló dọ́gba. Ẹ fi máákà sàmì sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn sẹ̀ǹtímítà 8 sísàlẹ̀ lára èèkàn ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ so okùn mọ́.

Ibi táwọn èèyàn ti ń kùnà: wọ́n á ní "ojú mi ti wò ó, ó dagẹ̀rẹ̀." Ojú máa ń purọ́, pàápàá níbi tí fẹ́ǹsì fúnra rẹ̀ kò ti dọ́gba. Bíríkìlà tó bá mi ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì, bàbá àgbàlagbà kan tí a máa ń pè ní Alàgbà, kì í tilẹ̀ dáhùn tí èèyàn bá sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kàn na rọ́bà sí ẹ lọ́wọ́.

Àyẹ̀wò: ẹ tún fi rọ́bà wò ó láti igun sí igun. Bí nọ́ńbà bá yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, atẹ́gùn wà nínú rọ́bà. Ẹ gbọn ọ́n jáde kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

ÌPELE 2: WÍWA ILẸ̀

Ẹ wa íǹṣì 6 kúrò níbi gbogbo. Bí okùn ṣe dagẹ̀rẹ̀ náà ni ìsàlẹ̀ kòtò gbọ́dọ̀ ṣe dagẹ̀rẹ̀. Ẹ máa wọn ọ́n láti ara okùn. Kí ẹ tó sọ díígà sílẹ̀, ẹ wádìí ibi tí páìpù omi, wáyà tó ti ilẹ̀ lọ sí pọ́ńpù àti páìpù sọ́kàwé gbà. Ẹni tó kọ́ ilé lè ti gbàgbé, nítorí náà ṣọ́bìrì ni kẹ́ ẹ lò ní ìtòsí wọn.

Bí ẹ bá ṣèèṣì wa ibì kan jù, ẹ má da amọ̀ padà sí i. Òkúta ni kẹ́ ẹ fi dí i. Amọ̀ tí a tú sílẹ̀ tí a tún dà padà á rì nígbà òjò, ẹ ó sì rí ibẹ̀ lókè bí ojú kòtò. Ilẹ̀ tí ẹ wà jáde pọ̀ ju bí ojú ṣe rí i lọ, ó lè tó bárò ọgọ́rin. Ẹ má kó o jọ sí apá ìsàlẹ̀ tí omi máa gbà, kí òjò àkọ́kọ́ má baà wọ́ ọ padà sínú iṣẹ́ yín.

Ẹ gún ìsàlẹ̀ náà fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ má gún un dán.

Àyẹ̀wò: ẹ da garawa omi kan sí apá òkè. Omi gbọ́dọ̀ ṣàn lọ sí apá ìsàlẹ̀ láì dúró níbikíbi. Níbi tó bá ti dúró, ẹ ha ilẹ̀ tó dí i lọ́nà kúrò.

ÌPELE 3: KÒTÒ PÁÌPÙ

Ìpele yìí ni ẹni àkọ́kọ́ tó bá mi ṣe iṣẹ́ kò ṣe rárá, òun náà ló sì ṣe pàtàkì jù lórí amọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí omi kò ti ní wọlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló máa gbà jáde.

Ní gbogbo gígùn apá ìsàlẹ̀, ẹ gbẹ́ kòtò tóóró tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 1, tó sì jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 1 sí i ju ibi tí ẹ wà dé lọ. Kòtò yìí náà gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀ sí ibi tí omi máa yọ: sẹ̀ǹtímítà 1 fún mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ́ geotextile sínú rẹ̀ kí etí méjèèjì yọ síta. Ẹ da gíránáìtì íǹṣì 2 sí i, ẹ gbé páìpù lé e, ẹ da gíránáìtì bò ó títí kòtò á fi kún, kí ẹ wá ká etí aṣọ bo orí rẹ̀ bí ẹni ń pọ́n mọ́ínmọ́ín.

Ihò ara páìpù, ìsàlẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọjú sí. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Wọ́n rò pé òkè lomi ti máa wọ inú páìpù. Omi máa ń kún láti ìsàlẹ̀ kòtò wá. Bí ihò bá wà lókè, kòtò gbọ́dọ̀ kún dé ibẹ̀ kí páìpù tó ṣiṣẹ́, ìtọ̀ á sì ti dá sínú òkúta.

Láti ibi tí páìpù ti kúrò lábẹ́ koríko, ẹ lo èyí tí kò níhò títí dé gọ́tà. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dí ẹnu rẹ̀ kí eku má baà gba ibẹ̀ wọlé.

Àyẹ̀wò: ẹ pọn omi garawa méjì sí orí òkè kòtò kí ẹ tó ká aṣọ bò ó. Ẹ rán ọmọdé lọ dúró níbi gọ́tà kó kígbe nígbà tó bá rí omi. Bí kò bá kígbe, ẹ má lọ sí ìpele tó kàn.

ÌPELE 4: ETÍ, AṢỌ ÀTI ÒKÚTA

Ẹ mọ etí kí òkúta tó wọlé. Bulọ́ọ̀kù tàbí kọnkéré ni mo fara mọ́. Pákó rọrùn lóòótọ́, àmọ́ ní Ìkòròdú níbí, ikán kì í béèrè pé àwo ni wọ́n gbé pákó sí. Orí etí gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ibi tí orí koríko máa dé lọ. Ní apá ìsàlẹ̀, ẹ fi àlàfo sílẹ̀ láàárín àwọn bulọ́ọ̀kù ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta-mẹ́ta. Bíríkìlà tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ á fẹ́ fi sìmẹ́ńtì dí gbogbo rẹ̀ kó lè mọ́ rekete. Ẹ dá a dúró, torí bẹ́sìnnì ló ń mọ fún yín.

Ẹ tẹ́ geotextile bo gbogbo ilẹ̀, kí ibi tí ègé méjì ti pàdé gun ara wọn ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Aṣọ yìí ni kò ní jẹ́ kí amọ̀ gòkè wọ inú òkúta nígbà tó bá wú. Ẹni tí kò bá lò ó, láàárín ọdún bíi mélòó kan, òkúta rẹ̀ á ti rì sínú ẹrẹ̀.

Ẹ wá da gíránáìtì three-quarter, íǹṣì 2 lẹ́ẹ̀kan, ẹ gún un; íǹṣì 2 míì, ẹ tún gún un. Ẹ má da íǹṣì 4 lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹ gún un lókè, ìsàlẹ̀ kò ní mọ̀ pé ẹ gún nǹkan kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni gíránáìtì kékeré, íǹṣì 1, kẹ́ ẹ fi pákó gígùn fà á kó tẹ́ pẹrẹsẹ, kẹ́ ẹ sì gún òun náà.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tẹ́ koríko á ní kí ẹ fi eruku òkúta ṣe òkè yìí, nítorí ó rọrùn láti tẹ́, ó sì máa ń le gbagidi. Fún ilé tí kò sí ajá, kò burú. Fún ajá, ẹ má gbà. Eruku náà á dì bíi sìmẹ́ńtì, ìtọ̀ á sì máa dá sí i. Ibì kan ṣoṣo tí mo ti gbà á láyè ni etí, níwọ̀n ìbú ọwọ́ kan yí ká, nítorí ìṣó kì í mú dáadáa nínú òkúta tí kò ní eruku.

Àyẹ̀wò: ẹ rìn lórí rẹ̀ pẹ̀lú bàtà. Bí ẹsẹ̀ yín bá fi ojú sílẹ̀, kò tíì gún. Ẹ da garawa omi kan sáàárín lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbọ́dọ̀ pòórá kí ẹ tó gbé garawa sílẹ̀, kó sì yọ ní gọ́tà láìpẹ́.

ÌPELE 5: TÍTẸ́ KORÍKO

Ẹ tú koríko sílẹ̀ sínú oòrùn fún wákàtí méjì ó kéré tán, kó nà, kí kíká tí wọ́n ká a kúrò lára rẹ̀. Ní àkókò yìí, ẹ jẹun.

Koríko ní ọ̀nà tí irun rẹ̀ dà sí. Ègé méjèèjì gbọ́dọ̀ kọjú sí ibì kan náà, ibi tí ẹ ti máa ń wò ó láti inú ilé ló sì dáa kó kọjú sí. Ẹni tó bá ti wọ àrán tí télọ̀ yí apá kan rẹ̀ sódì rí mọ ohun tí mò ń sọ: aṣọ kan náà ni, àmọ́ lójú oòrùn, àwọ̀ méjì ló máa ń jẹ́. Lẹ́yìn tí gọ́ọ̀mù bá ti gbẹ, kò sí àtúnṣe.

Ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ ti máa gé e, láàárín ìlà ìrán méjì, kẹ́ ẹ sì máa pààrọ̀ abẹ kó tó kú. Ẹ gé etí ilé iṣẹ́ kúrò lára ègé méjèèjì, ìlà ìrán méjì tàbí mẹ́ta. Kí àlàfo tó wà láàárín wọn ṣe rẹ́gí pẹ̀lú àlàfo tó wà láàárín ìlà ìrán inú koríko fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá sún wọn mọ́ra jù, ojú ìpàdé á ga bí àpá. Bí ẹ bá jẹ́ kó fẹ̀ jù, ilà á hàn. Ẹ ṣí etí méjèèjì sẹ́yìn, ẹ tẹ́ téèpù sáàárín, ẹ fi gọ́ọ̀mù sí i, kí ẹ dà wọ́n padà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń pa síìpù dé, kí ọwọ́ kejì máa fa irun tó bá fẹ́ há jáde. Ẹ gbé àpò yanrìn lé e títí di ọjọ́ kejì. Bí òjò bá ṣú, ẹ má bẹ̀rẹ̀ gọ́ọ̀mù rárá.

Ìṣó: létí, ọ̀kan ní gbogbo íǹṣì 6, láàárín, ọ̀kan ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 2. Kí ẹ tó lù ú, ẹ fi ọwọ́ ya irun sí ọ̀tún àti sí òsì, kí orí ìṣó má baà tẹ irun mọ́lẹ̀. Ẹ má fi ìṣó lásán ṣe é. Ìṣó tó bá dípẹtà á já, orí rẹ̀ á sì gòkè wá pàdé ẹsẹ̀ ajá àti ti ọmọ yín.

Àyẹ̀wò: ẹ fi ìka méjì di etí mú kí ẹ fà á sókè bí ajá tó ń ṣeré. Níbi tó bá ti dìde, ẹ fi ìṣó kún un. Bíngò ti fi eyín dán tèmi wò kí n tó rántí dán an wò.

ÌPELE 6: YANRÌN INÚ KORÍKO

Kílò 7 fún mítà kọ̀ọ̀kan níbùú-lóròó ni mo lò. Ìdí tá a fi ń dà á sí i ni pé ó ń mú irun dúró, ó sì ń mú kí koríko wúwo kó má baà wú. Zeolite ló dáa jù fún ajá, nítorí ó máa ń gba amóníà inú ìtọ̀, èròjà tó ń mú kó rùn, mọ́ra. Bí ẹ kò bá rí i lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta koríko oníke, ẹ béèrè lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun ìtọ́jú odò ẹja. Àwọn ọlọ́sìn ẹja máa ń lò ó láti fi dín amóníà inú omi kù, wọn kò sì ṣọ̀wọ́n lápá Odogunyan.

Bí zeolite bá wọ́n jù, yanrìn silica tí wọ́n ti fọ̀ ni kẹ́ ẹ fi dípò. Ẹ má lo yanrìn pláásítà. Amọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ ti ṣòpò kó amọ̀ jáde nísàlẹ̀, ẹ tún ń dà á sókè.

Koríko gbọ́dọ̀ gbẹ. Ẹ fọ́n ọn bí ẹni ń fọ́n irúgbìn, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ọ́n wọlé lódì sí ọ̀nà tí irun dà sí, ẹ tún fọ́n. Ẹ pín àpò méje náà sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ má dà á lẹ́ẹ̀kan náà.

Àyẹ̀wò: ẹ fi ìka ya irun. Ẹ gbọ́dọ̀ kan yanrìn nísàlẹ̀ níbi gbogbo, kò sì gbọdọ̀ hàn lókè.

ỌWỌ́ TÍ Ẹ Ó MÁA FI MÚ UN

Ooru ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Koríko oníke máa ń gbóná ju koríko gidi lọ fíìfíì. Lọ́sàn-án gangan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ojú rẹ̀ lè kọjá 60°C. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé e, kí ẹ ka ení dé èje. Bí ẹ kò bá lè ka èje pé, ajá kò lè rìn níbẹ̀. Ẹ wọ́n omi sí i, àmọ́ ìtútù omi kì í pẹ́. Ìbòòji ló ń gba èèyàn. Mo ta nẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé sórí ìlàjì tèmi.

Ìgbẹ́, ojoojúmọ́ ni kíkó. Ìtọ̀, ẹ da omi lé e lójoojúmọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Nínú òjò, Ọlọ́run ń bá yín ṣe é. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ lo oògùn ìfọ̀ tó ní enzyme (èròjà tó ń tú ìdọ̀tí ìtọ̀ palẹ̀) tí wọ́n ṣe fún ìtọ̀ ẹran ọ̀sìn. Ẹ má da bílíìṣì lé ìtọ̀. Bílíìṣì àti amóníà tó bá pàdé máa ń gbé èéfín olóró jáde, ẹ̀yin tí ẹ ń fọ̀ ọ́ lẹ ó kọ́kọ́ fà á símú. Àwọn oògùn apakòkòrò tó máa ń funfun bíi wàrà nínú omi náà kò yẹ níbẹ̀; ajá á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, á sì fi ahọ́n lá ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ajá lè kọ̀ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni Bíngò fi dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń wò mí bí ẹni tí mo jalè ilẹ̀ rẹ̀. Mo fi àkísà nu ibi tó tọ̀ sí, mo jù ú sórí koríko, ó gbóòórùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí.

BÍ Ẹ BÁ TI TẸ́ Ẹ KÍ Ẹ TÓ KA ÈYÍ

Ẹ má fi lọ́fínńdà bo òórùn mọ́lẹ̀. Ẹ ṣí igun tó rẹlẹ̀ jù sókè lẹ́yìn òjò kí ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ yanrìn tútù tó dúdú tó ń rùn, kò sí ọ̀nà àbùjá: gbogbo rẹ̀ máa jáde, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìpele 1. Bó bá jẹ́ òkúta ló wà níbẹ̀ tí omi kàn dá sí apá ìsàlẹ̀, ẹ lè rí i pé kòtò páìpù nìkan ló kù. Ẹ ṣí apá yẹn, ẹ gbẹ́ ẹ, ẹ dá koríko padà.

Koríko àtijọ́ ṣeé lò padà bí ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá tíì máa ya. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ sínú oòrùn, ẹ fọ ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú oògùn enzyme, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá gbóòórùn rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí ìrì bá sẹ̀. Tèmi, látéèsì ni wọ́n fi dì í. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, àárín rẹ̀ ṣì ń rùn, mo sọ ọ́ nù. Etí tí Bíngò kì í dé ni mo gé sílẹ̀, nǹkan bíi mítà 2. Abẹ́ ọkọ̀ ló wà báyìí, òun ni mo máa ń sùn lé bí mo bá fẹ́ wo ibi tí ọ́ìlì ti ń jò.